Pọ́díkáàsì wo ni ó yẹ kí alukoro máa gbọ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó?

Arábìnrin kan tí ó jẹ́ alukoro ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ìlú Oǹdó ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní ọdún mẹ́rin ni òun fi ṣe akọ̀ròyìn rédíò ní Àkúrẹ́ kí òun tó gba iṣẹ́ tuntun yìí, pé Àkúrẹ́ náà ni òun ṣì ń gbé, àti pé ọkọ̀ èrò ni òun ń wọ̀ lọ sí Oǹdó láràárọ̀. Ọ̀gá òun ní kí òun máa gbọ́ pọ́díkáàsì (ètò bíi ti rédíò tí a ń gbà sórí fóònù) lórí iṣẹ́ alukoro dípò kí òun máa sùn nínú ọkọ̀. Nígbà tí òun wá a lórí fóònù, àìmọye ni òun rí, àwọn òyìnbó tí ń yin ara wọn ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú wọn ni ó tó gbọ́? Ǹjẹ́ wọ́n sì lè ran ẹni tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń wá láti Bọ́lọ́rundúró àti Ilé-Olújì lọ́wọ́? Àbí kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ tiwa fún ilé ìwòsàn wa?" Ó fi kún un pé àbúrò mi ni òun, kí n má fi "ẹ̀yin" bá òun sọ̀rọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi, ọ̀gá rẹ kò ṣì ọ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Bí mo ṣe ń ṣa pọ́díkáàsì kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà kí a tó gbé e kaná, ohun kan ṣoṣo ni mo sì ń wò: ṣé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ gbé ọ̀ràn kan pàtó kalẹ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó tíì mọ ibi tí yóò já sí, àbí ńṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń ka ìmọ̀ràn ní ení, èjì, ẹ̀ta? Irú ti èkejì yìí ni ó pọ̀ jù. Ó máa ń dùn ún gbọ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun ti mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹbí aláìsàn kan bá ń pariwo ní ẹnu ọ̀nà yín, tí ọmọkùnrin kan sì gbé fóònù sókè tí ó ń ya fídíò, kò ní sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí yóò wá sí ọ lórí. Ìdájọ́ ni iṣẹ́ wa, àwọn tí a bá gbọ́ tí wọ́n ń dájọ́ ni a sì ti ń kọ́ ìdájọ́.

Nítorí náà, bí àyè ẹyọ kan ṣoṣo ni ó bá wà lórí fóònù rẹ, When It Hits the Fan ti BBC Radio 4 ni kí o fi sí i. Ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ni atọ́kùn rẹ̀: David Yelland, tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn The Sun ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1998 sí 2003, àti Simon Lewis, tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a fi ṣe akọ̀wé ìbáraẹnisọ̀rọ̀ fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tí ó sì tún ṣe agbẹnusọ fún Gordon Brown nígbà tí ó wà nípò olórí ìjọba. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọdẹ, èkejì jẹ́ aṣọ́nà ààfin. Ìwọ fúnra rẹ ti ṣe ọdẹ fún ọdún mẹ́rin, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di aṣọ́nà, ìdí sì nìyí tí mo fi rò pé iyàn wọn yóò bá ọ lára mu ju ẹlòmíràn lọ. Wọn a mú ẹni tí wàhálà dé bá ní ọ̀sẹ̀ náà, wọn a bi ara wọn léèrè ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dákẹ́, ìdí tí ó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta ni ó tó bẹ̀bẹ̀, àti ohun tí ó wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà tí kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà á. Má jẹ́ kí orúkọ àwọn mínísítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o kò mọ̀ rí dà ọ́ láàmú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ni kí o máa tẹ̀ lé.

Ọ̀nà tí mo fi ń gbọ́ ọ ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ, torí náà jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí atọ́kùn bá ti ṣàlàyé wàhálà náà tán, tí ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n ṣe, dá a dúró. Mú ìwé kékeré jáde, kí o kọ ẹni tí ìwọ ìbá kọ́kọ́ pè, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ìbá ti ẹnu rẹ jáde, àti èdè tí o ó fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o tó jẹ́ kí ó máa lọ. Mú ọ̀ràn Tylenol, tí kò sí pọ́díkáàsì alukoro kan tí kò ní kàn án lọ́jọ́ kan, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1982, ènìyàn méje kú ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà nítorí pé ẹnì kan fi májèlé sínú oògùn ara ríro náà lórí àtẹ ilé ìtajà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà ni ó fi májèlé sí i, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ó wà nínú igo mìíràn. Dúró síbẹ̀. Kí ni ìwọ ìbá ṣe? Èmi, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo kọ ọ́ pé n ó kó ti Chicago nìkan kúrò lórí àtẹ, n ó sì jẹ́ kí ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Johnson & Johnson kó igo bíi mílíọ̀nù 31 kúrò ní gbogbo Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là; kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún gbé e padà wá nínú igo tí a dí ní ìpele mẹ́ta. Ojú tì mí nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ká ní mo kàn gbọ́ ìtàn náà títí dé òpin ni, n bá ti mi orí, kí n sì sọ pé ohun tí èmi náà ìbá ṣe nìyẹn.

Èyí tí mo fi ṣe ìkejì kì í ṣe ti alukoro rárá. Cautionary Tales ni, ti Tim Harford, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ń kọ̀wé fún Financial Times. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, ìtàn àwọn ìjàm̀bá tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ni ó sì ń sọ, pẹ̀lú àwọn òṣèré tí ń bá a sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀ràn kàn. Bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́, èyí tí ó dá lórí ọkọ̀ ojú omi Torrey Canyon. Ní oṣù kẹta ọdún 1967, ọkọ̀ yìí kó epo rọ̀bì tí ó tó bíi 119,000 tọ́ọ̀nù, ó sì lọ fi ara sọ àpáta ní etí òkun Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ọkọ̀ kò mu ọtí, kò sì jẹ́ aláìmọ̀kan. Ńṣe ni ó ń kánjú kí omi òkun tó fà kúrò ní èbúté tí ó ń lọ, ó wá gba ọ̀nà tí ó yá jù, nígbà tí nǹkan sì ń yí padà lójú rẹ̀, kò yí ìpinnu rẹ̀ padà títí ó fi pẹ́ jù. Alukoro tí ó ti bá gbogbo ọ̀gá jókòó láti kọ àtẹ̀jáde, tí wọ́n ti bu ọwọ́ lù ú, tí ìròyìn tuntun wá dé ní ìdajì wákàtí kí ó tó jáde, tí ó sì tún gbé e jáde bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yẹn ni ó ń tù.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti tù ú rí. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí mo ṣe alukoro fún ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe omi inú ọ̀rá, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àhesọ gba ìgboro Àkúrẹ́ pé wọ́n bá alángbá nínú àgbá omi wa. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọ àtẹ̀jáde olójú ewé mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, alága fọwọ́ sí i, àwọn ìwé ìròyìn méjì sì gbé e ní ọjọ́ kẹta. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ sí Ọjà Ọba, mo bá ìyá kan tí ń ta omi tútù níbẹ̀, mo sì bi í léèrè ìdí tí kò fi ta tiwa mọ́. Ó wò mí, ó ní: "Kí ni ẹ wí sí ti alángbá yẹn?" Mo dé ilé, mo ka ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò dárúkọ alángbá níbì kankan. "Ohun àjèjì" ni mo pè é, ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán bíi bàtà tuntun. Àhesọ náà jẹ́ Yorùbá, ó ní orúkọ, ó ní ìrù; ìdáhùn wa kò ní nǹkan kan. Ohun tí ó padà gbà wá ni pé a ṣí àgbá náà, a kó àwọn olórí ọjà wá wò ó, àwọn fúnra wọn sì lọ sọ ohun tí wọ́n rí lórí ètò òwúrọ̀ kan lórí rédíò tí àwọn ènìyàn ń pè sí.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí o ka rédíò ilé mọ́ ohun tí ò ń gbọ́, kí o má sì rò pé nítorí pé o ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, o ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o wà ní inú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú tí ó kù ni ò ń kà. Wàyí o, jókòó bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, kí o gbọ́ àwọn ètò Yorùbá tí àwọn ará ìlú ń pè sí, ìbáà ṣe lórí OSRC, Adaba 88.9 tàbí Positive 102.5, kí o sì máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe nǹkan sílẹ̀. Ẹni tí ó pè láti Ìdànrè kò ní sọ pé ilé ìwòsàn kan kò ní "ìbáṣepọ̀ tó dán mọ́rán pẹ̀lú àwọn oníbàárà". Yóò ní wọ́n ń kanra mọ́ ènìyàn ní ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìròyìn tí o lè gbé lọ fún ọ̀gá rẹ ni èyí, kò sì sí pọ́díkáàsì Lọ́ńdọ̀nù tí yóò fún ọ. Fi BBC Yorùbá kún un, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àìsàn tàbí òfin, kí o lè máa wo bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ líle sí èdè tí ìyá àgbà lè gbọ́. N kì í fara mọ́ gbogbo ìtumọ̀ wọn, ṣùgbọ́n iyàn tí mò ń bá wọn jà nínú ọkàn mi gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Ní ti àwọn tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ wa gan-an, For Immediate Release ni àgbà wọn. Oṣù kìíní ọdún 2005 ni Neville Hobson àti Shel Holtz bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà "podcast" fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ipa tí ẹ̀rọ tuntun ń ní lórí iṣẹ́ wa ni agbára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ yóò ṣe sí àtẹ̀jáde kíkọ lè gbọ́ wọn. Lójú tèmi, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ gùn, ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n sábà ń ní lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó fún ọ.

Spin Sucks ti Gini Dietrich ní Chicago sàn fún ọ ju ìyẹn lọ, nítorí ohun kan tí ó fi kọ́ gbogbo wa. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2014, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó pín ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí ènìyàn sí mẹ́rin, tí a ń fi lẹ́tà P, E, S, O rántí (paid, earned, shared, owned ní Gẹ̀ẹ́sì): èyí tí a sanwó fún, èyí tí àwọn oníròyìn gbé nítorí pé ó tọ́ sí ìròyìn, èyí tí àwọn ènìyàn ń pín láàrin ara wọn, àti èyí tí ó jẹ́ tiwa fúnra wa. Gbé e wá sí Oǹdó, kí o wò ó. Ìpolówó yín lórí rédíò wà nínú ti àkọ́kọ́. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí dókítà yín ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ kò san kọ́bọ̀ fún, wà nínú ti èkejì. Ohùn tí ìyá ìjọ kan fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp pé ẹ tọ́jú òun dáadáa wà nínú ti ẹ̀kẹta. Ti ẹ̀kẹrin ni pátákó tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà yín, ìwé tí ẹ ń kọ oògùn sí, àti ohùn ẹni tí ń gbé fóònù ilé ìwòsàn yín. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tí ń ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ti àkọ́kọ́, tí ẹni tí ń gbé fóònù rẹ̀ sì ń jágbe mọ́ gbogbo ẹni tí ó bá pè. Dietrich kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ti ẹ̀kẹrin yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n níbí yìí ni mo ti fẹ́ kí o ṣọ́ra jùlọ. Gbogbo wọn ni yóò sọ fún ọ pé kí o máa sọ ìtàn àwọn oníbàárà rẹ. Ẹni tí ń ta bàtà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni tìrẹ. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ ọ́ di dandan pé kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́, àfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀, bíi kí ó fúnra rẹ̀ gbà ní àkọsílẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ tàbí òfin ni ó béèrè fún un. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 náà sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn dókítà pàápàá ní ìlànà iṣẹ́ tí kò gbà wọ́n láyè láti máa polówó ara wọn bí ẹni ń polówó ọṣẹ. Nítorí náà, nígbà tí atọ́kùn kan ní Chicago bá ní kí o fi àwòrán "ṣáájú àti lẹ́yìn" síta, rántí pé ìlú kan náà ni ìwọ àti aláìsàn rẹ ń gbé, pé bí o bá yọ orúkọ rẹ̀ pàápàá, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n láti ara aṣọ tí ó wọ̀. Ọ̀rọ̀ ikú tún le ju èyí lọ. Àwọn pọ́díkáàsì yìí máa ń sọ pé kí a fi àtẹ̀jáde síta láàrin wákàtí kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí olórí ẹbí bá gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lórí Facebook kí o tó rán ẹnikẹ́ni sí i, kò sí àtẹ̀jáde tí yóò tún un ṣe. Ohun tí ìbá jẹ́ ọ̀fọ̀ lásán yóò di ìjà. Ẹni tí yóò lọ sọ fún wọn, ọjọ́ orí rẹ̀, àti bí yóò ṣe jókòó kí ó tó la ẹnu, wọ́n jẹ́ ara iṣẹ́ alukoro ní Oǹdó.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ibà Lassa bá tún dé, On the Media ni yóò wúlò fún ọ. Ilé iṣẹ́ rédíò WNYC ní New York ni ó ń ṣe é, Brooke Gladstone sì ti wà nídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìròyìn ṣe ń di ìròyìn ni wọ́n ń tú wò. Wọ́n ní ìwé ìtọ́nà kékeré kan fún ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn pàjáwìrì, ohun tí ó sì ṣáájú nínú rẹ̀ ni pé ní kété lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, àwọn oníròyìn yóò ṣì í sọ. Akọ̀ròyìn ni ọ́ rí, o mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí Lassa ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ sì ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ń tọ́jú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá mú wà. Kí wọ́n tó gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan dé, ìgboro yóò ti pa á, yóò sì ti sin ín. O rántí ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó: ènìyàn 20 ni ó mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, ní òru ọjọ́ kan, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ gba gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí oníkálùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún. Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ó ṣekú pa àwọn kan. Ìyá ẹni, ẹ̀gbọ́n ẹni, pásítọ̀ ẹni ni ó ń pè, kì í ṣe àjèjì, èdè abínibí ni wọ́n sì fi ń pè. Kọ gbólóhùn mẹ́ta tí ilé ìwòsàn yín yóò sọ nígbà tí irú òru bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kọ ọ́ nísinsìnyí tí ara tutù, kí dókítà àgbà fọwọ́ sí i.

Àwọn mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. The Rest Is Politics, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, dára fún bí Alastair Campbell, agbẹnusọ Tony Blair láyé ọjọ́un, ṣe ń ronú; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ tẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, Campbell kì í sì ṣe olùwòran nínú púpọ̀ nínú ohun tí ó ń sọ. Under the Influence ti Terry O'Reilly, láti rédíò CBC ní Kánádà, dá lórí ìpolówó ọjà, ìtàn sísọ rẹ̀ sì gbámúṣé. Gbọ́ ọ ní ọjọ́ Jimọ̀ tí ó bá ti rẹ̀ ọ́. I Said What I Said, ti Feyikemi Abudu àti Jola Ayeye, kì í ṣe ti alukoro, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́bìnrin Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn kò rò pé ilé iṣẹ́ kankan ń gbọ́, ibẹ̀ ni kí o lọ. Kò sì sí èyíkéyìí nínú gbogbo wọn tí ó lè dípò ìforúkọsílẹ̀ rẹ pẹ̀lú NIPR, ẹgbẹ́ àwọn alukoro Nàìjíríà tí ó ti wà láti ọdún 1963, tí òfin ọdún 1990 sì fún ní agbára lórí iṣẹ́ wa. Bí o kò bá tíì ṣe é, lọ ṣe é.

O kò béèrè nípa dátà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ. Wákàtí kan pọ́díkáàsì máa ń jẹ bíi mẹ́gábáìtì 29 sí 58, ó dá lórí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ rẹ kan lè jẹ ohun tí ó lé ní ìdajì gígábáìtì. Lo Wi-Fi ibi iṣẹ́ láti gbà wọ́n sórí fóònù kí o tó kúrò ní Oǹdó nírọ̀lẹ́, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà. AntennaPod ni mò ń lò lórí Android. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò sì béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Fi etí kan sílẹ̀ láìdí nínú ọkọ̀. Kì í ṣe nítorí jàgùdà nìkan ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀: èrò inú ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yín.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ ìkẹyìn. Má tíì bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì fún ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, ìwọ nìkan ni o wà ní ẹ̀ka rẹ, àwọn tí o fẹ́ kí ó gbọ́ kò sì ní ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ ju WhatsApp lọ. Ṣe ohùn kékeré tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, lórí ohun kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ń béèrè níbi gbígba káàdì. Má ṣe sọ ọ́ fúnra rẹ. Ohùn rédíò ni tìrẹ, yóò sì dà bí ìpolówó. Wá nọ́ọ̀sì tí àwọn aboyún mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè Oǹdó bí ó ṣe ń sọ ọ́ fún wọn lórí àga ìdúró, kí o sì jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ kí ó tó jáde. Jẹ́ kí ó dárúkọ ọjọ́, oṣù àti ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé wọn yóò ṣì máa fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ara wọn ní ọdún mẹ́ta òní, nígbà tí iye owó àyẹ̀wò tí ó dárúkọ nínú rẹ̀ bá ti yí padà.